Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ẹgbẹ́ Òṣèlú lórí Ẹ̀sìn àti Èrò Olùdìbò ní Ilẹ̀ Yorùbá

Sí àwọn alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọ̀rọ̀ ìdìbò 2027 kàn ní Nàìjíríà,

Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà yìí gbé wá kò ṣẹ̀yìn ìṣirò kan tó máa ń gba ìpàdé àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan nígbàkígbà tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé, ìyẹn ìṣirò iye Mùsùlùmí àti iye Kìrìsìtẹ́nì tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tí yóò díje àti ẹni tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bi ará ìlú léèrè ohun tó ń fẹ́. Ìpìlẹ̀ ìṣirò náà ni ìgbàgbọ́ pé bí a bá ti mọ ibi tí ènìyàn ti ń jọ́sìn, a ti mọ èrò rẹ̀ lórí owó epo, lórí owó orí, lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àti lórí ẹni tí yóò tẹ̀ka fún. Ohun tí lẹ́tà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn ìdìbò ní ilẹ̀ Yorùbá, láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, kò ti ìgbàgbọ́ yìí lẹ́yìn. Pé àwọn ọ̀ràn díẹ̀ wà tí ẹ̀sìn ń darí èrò lé lórí lóòótọ́, tí ìdí rẹ̀ sì hàn kedere. Àti pé ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá fi ìṣirò ẹ̀sìn rọ́pò ìbéèrè ń ṣe ìpalára fún àwọn gan-an tó ní òun fẹ́ ṣojú fún.

Ó yẹ kí a là á yé ara wa ohun tí ọ̀rọ̀ méjì túmọ̀ sí níhìn-ín. Ẹ̀sìn tí ènìyàn ń ṣe ni ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí ó ka ara rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ Ìsìláàmù, ìbáà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ìbáà sì jẹ́ Ìṣẹ̀ṣe. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ìgbàgbọ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó lọ́kàn rẹ̀. Èrò ará ìlú ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fara mọ́ tàbí tí wọ́n kọ̀ lórí ọ̀ràn tó jẹ́ pé ìjọba ni yóò ṣe ìpinnu lé e lórí. Ìbò jẹ́ àmì kan nínú àwọn àmì èrò yìí, ṣùgbọ́n kò ju àmì kan lọ, nítorí pé ẹni tó dìbò fún olùdíje lè má fara mọ́ ìdajì ohun tí olùdíje náà ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ìbínú sí ẹlòmíràn ló gbé e lọ síbi àpótí ìbò.

Kí a tó lọ jìnnà rárá, kò sí ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ṣírò yìí. Èsì ètò ìkànìyàn ọdún 1963 ni ó kẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ gbà wọlé tó ní ẹ̀sìn nínú, ohun tó sì fi hàn nígbà náà ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà, bí 47 jẹ́ Mùsùlùmí, bí 34 jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tí àwọn tó kù jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ àti àwọn mìíràn. Wọ́n wọ́gi lé ètò ìkànìyàn 1973; nígbà tí wọ́n sì ka ènìyàn ní 1991 àti 2006, wọ́n yọ ìbéèrè nípa ẹ̀sìn àti ẹ̀yà kúrò nínú ìwé náà pátápátá, nítorí ìbẹ̀rù pé iye tó bá jáde lè dá wàhálà sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 ní 1963 ti lé ní mílíọ̀nù 140 ní 2006, ó sì ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ní Mùsùlùmí jẹ́ báyìí báyìí nínú ọgọ́rùn-ún ní Ọ̀yọ́, tàbí pé Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ jù ní Ọ̀ṣun, àbá ló ń dá, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ le tó.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n kà wọ́n, kíkà náà kò ní rọrùn. Nínú agbo ilé kan náà ní Ìbàdàn tàbí Ìkirè, baba lè jẹ́ Alhaji, kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ díákónì, kí ìyá àgbà ṣì máa bọ orí rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kí gbogbo wọn sì jọ pín ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésìmesì. Ẹni tó ń jẹ́ Risikat lè máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ọkọ rẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ Samuel sì lè ti gba Ìsìláàmù láti ọjọ́ pípẹ́ láìyí orúkọ padà. Ààrẹ tó wà lórí àlééfà báyìí, Bola Ahmed Tinubu, jẹ́ Mùsùlùmí. Aya rẹ̀, Oluremi Tinubu, jẹ́ pásítọ̀ nínú ìjọ Redeemed. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní tiwọn kì í tilẹ̀ sí nínú ìṣirò àwọn olóṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gómìnà bíi mélòó kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi lógúnjọ́ oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, èyí tó fi hàn pé àwọn gómìnà náà mọ̀ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń dìbò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fara balẹ̀ wádìí ọ̀ràn yìí ni David Laitin, onímọ̀ ìṣèlú láti Amẹ́ríkà, ẹni tó wá gbé Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, tó sì tẹ ìwé rẹ̀, Hegemony and Culture, jáde ní 1986. Ìbéèrè tó gbé dání kò ṣòro láti sọ, ìdáhùn rẹ̀ ló ṣòro: kí ló dé tí àwọn ènìyàn tí ẹ̀sìn ńlá méjì pín sí apá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kò fi sọ ìpín náà di ìpín òṣèlú, nígbà tó jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, irú ìpín bẹ́ẹ̀ ló ń bí ẹgbẹ́ òṣèlú, tó sì ń bí ogun? Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó gbọ́ ìwàásù àti wáàsí, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ìjọ àti ọmọ jámáà lẹ́nu wò. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà ní ibi méjèèjì yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìṣèlú, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé wọn jáde kúrò nínú ilé ìjọsìn. Ohun tó ń pín wọn ni ìlú baba ẹni, ìyẹn ìlú tí ìdílé ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, tí ó ṣì ń pè ní ìlú rẹ̀ bí kò tilẹ̀ gbé ibẹ̀ rí, níbi tí ó ti ń retí pé kí wọ́n sin òkú òbí òun sí, tí ó sì ń dá owó ìdàgbàsókè sí lọ́dọọdún.

Àlàyé tí Laitin ṣe ni pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọba àti ìlú ga gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí agbára àti àǹfààní ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn pé orí ọ̀ràn ìlú ni kí wọ́n ti máa du nǹkan, kó má jẹ́ orí ọ̀ràn ẹ̀sìn. Apá yìí nínú ìwé náà kò tẹ́ni lọ́rùn tán, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kò tíì débẹ̀ nígbà tí Ìbàdàn àti Ìjàyè gbé ogun ko ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 kò ní ẹ̀sìn nínú. Ọmọ ìlú ń bá ọmọ ìlú jà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé dúró ṣinṣin. Ẹ̀rí tó burú jù lọ lórí rẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀ kan náà tí ó gbé: nígbà tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ dojú ìjà kọ ara wọn ní 1981, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láti 1997 títí di nǹkan bí ọdún 2000, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì dáná sun ilé ara wọn lórí ilẹ̀ àti lórí ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà. Ìrẹ́pọ̀ ẹ̀sìn kò dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ìtàn ìdìbò sọ irú ohun kan náà. Ní Ìbàdàn àwọn ọdún 1950, Adegoke Adelabu, Mùsùlùmí, kó àwọn mẹ̀kúnnù sẹ́yìn nítorí pé ó sọ̀rọ̀ owó orí àti ẹ̀tọ́ ọmọ Ìbàdàn lédè tí wọ́n ń sọ nílé; Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló tẹ̀ lé e títí tó fi kú nínú ìjàǹbá mọ́tò ní 1958. Láàrin àkókò kan náà, àwọn kan gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì ní ẹ̀dùn ọkàn tó tọ́, nítorí pé àwọn tó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló kún ipò ìjọba. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò fìdí múlẹ̀. Ní 1979, Obafemi Awolowo, Kìrìsìtẹ́nì, mú Philip Umeadi, Kìrìsìtẹ́nì bíi tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùdíje, ó sì gba ìbò tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, tí Ọ̀yọ́ ìgbà náà sì kó Ọ̀ṣun òní mọ́ra, pẹ̀lú gbogbo ìlú tí Ìsìláàmù ti lágbára níbẹ̀. Nínú ìdìbò ọdún kan náà, Lateef Jakande, Mùsùlùmí, di gómìnà Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ Awolowo, ohun tí àwọn òbí inú ẹ̀sìn méjèèjì sì ń rántí nípa rẹ̀ títí dòní ni pé ó fòpin sí ètò ilé ẹ̀kọ́ alákòókò méjì, nínú èyí tí àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń lọ lọ́sàn-án, nítorí àìtó yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1993 ni ọ̀rọ̀ náà hàn jù. M.K.O. Abiola, Mùsùlùmí ọmọ Abẹ́òkúta, mú Babagana Kingibe, Mùsùlùmí ọmọ Borno, ó sì gba ìbò tó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ ju mọ́ṣáláṣí lọ fíìfíì. Nígbà tí ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì Yorùbá wà lára àwọn tó ṣe ìwọ́de, tó lọ sẹ́wọ̀n, tó sì sá lọ sí òkè òkun nítorí ìbò tí wọ́n dì fún Mùsùlùmí méjì. Ní 1999, Olusegun Obasanjo, onígbàgbọ́ ìjọ Bátísì, pàdánù ní gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, títí kan Ògùn tó jẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé àwọn ológun àti àwọn ará òkè ọya ló gbé e kalẹ̀. Olu Falae tí wọ́n dìbò fún jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì náà, nítorí náà ẹ̀sìn kò lè jẹ́ àlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn.

Ìdìbò 2023 ló yẹ kí àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú fara balẹ̀ wò, nítorí pé òun ni wọ́n ń tọ́ka sí lónìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ẹ̀sìn ti di ọ̀gá. Tinubu mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí pẹ̀lú Mùsùlùmí, Ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ní Nàìjíríà, ìyẹn CAN, sì lòdì sí i ní gbangba. Bí ẹ̀sìn bá jẹ́ ọ̀gá lóòótọ́, Èkìtì àti Oǹdó ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ní Èkìtì, ó gba ìbò 201,494, nígbà tí Peter Obi, Kìrìsìtẹ́nì tí ọ̀pọ̀ oníwàásù gbárùkù tì, gba 11,397. Ní Oǹdó, Tinubu gba 369,924. Ní Ọ̀ṣun, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀, tó sì jẹ́ pé Tinubu fúnra rẹ̀ ti lo gbogbo agbára òṣèlú rẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Atiku Abubakar fi 354,366 borí 343,945 tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Ọ̀ṣun fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí i nínú Bíbélì tàbí nínú Kùránì. Yóò rí i nínú ìwé owó oṣù, nítorí pé ní 2015 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó oṣù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, tí owó ìfẹ̀yìntì sì ń falẹ̀, gbèsè náà sì ṣì wà lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n yan Ademola Adeleke ní gómìnà ní oṣù Keje 2022. Òbí tí kò rí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ san kò ní béèrè ibi tí gómìnà ti ń kírun.

Èkó ṣòro díẹ̀ láti túmọ̀, òtítọ́ sì ni kí a sọ. Obi fi 582,454 borí 572,606 Tinubu níbẹ̀, kò sì sí àní-àní pé ìwàásù àwọn pásítọ̀ kan wà lára ohun tó gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló kún Èkó, ìbínú àwọn ọ̀dọ́ lórí ìbọn tí wọ́n yìn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Lẹ́kí ní oṣù Kẹwàá 2020 kò tíì tán nínú wọn, owó náírà tuntun sì ṣọ̀wọ́n ní báńkì lọ́sẹ̀ tí wọ́n dìbò náà débi pé àwọn kan kò rí owó ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí ìdìbò gómìnà kàn, tó sì jẹ́ pé Babajide Sanwo-Olu jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, tí ẹni tó ń bá a du ipò náà, Gbadebo Rhodes-Vivour, kò sì jẹ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ yí padà kúrò lórí ẹ̀sìn láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ Èkó àti ta ni àjèjì, wọ́n sì dẹ́rù ba àwọn olùdìbò kan ní ibùdó ìdìbò wọn nítorí ìrísí tàbí orúkọ wọn. Àwọn tó dá iná yìí kò ṣe é nítorí Ọlọ́run kankan. Wọ́n wá ohun tó lè pín ènìyàn, wọ́n sì mú èyí tó sún mọ́ ọwọ́ wọn.

Nígbà náà, ibo ni ẹ̀sìn ti ń darí èrò lóòótọ́? Ìwó, ní Ọ̀ṣun, ni ó yẹ kí a ti wò ó. Àwọn Mùsùlùmí ti gbé ọ̀ràn híjáàbù lọ sílé ẹjọ́ ní 2013, nígbà tí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sì dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà 2016 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn ọmọ Kìrìsìtẹ́nì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama Bátísì tó wà ní Ìwó wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lé yunifọ́ọ̀mù wọn lọ sí kíláàsì. Aṣọ ìgúnwà tó gùn dé kókósẹ̀, tí wọ́n ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá wọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó wé híjáàbù, olùkọ́ sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Lórí ọ̀ràn yìí, bí ènìyàn bá mọ ẹ̀sìn òbí kan, ó ṣeé ṣe kó mọ èrò rẹ̀ kó tó lanu.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá mọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ló kọ́ ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, owó àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fi kọ́ wọn, ìjọba sì gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970 láìparí ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni wọ́n. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, ìrántí wọn gùn kọjá ìyẹn: nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n fún ní orúkọ Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n sì ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó lè mọ ìwé, ìdí nìyí tí àwọn Mùsùlùmí Èkó fi dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923 láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Nítorí náà, híjáàbù gbé ìbéèrè méjì dání tí wọn kò tíì dáhùn rí, ìyẹn ta ló ni ilé ẹ̀kọ́ àti ta ni wọ́n yí lẹ́sìn padà nínú rẹ̀. Wọ́n ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pa ní Ìlọrin lórí rẹ̀ ní 2021, ẹ̀mí sì sọnù ní Ìjàgbò, ní Kwara, ní 2022. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Òfin ti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ìrántí ṣì wà nílẹ̀, ó sì burú púpọ̀ pé àwọn tó ń wá ìbò kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀ràn Ṣàríà náà wà lára irú èyí, ó sì tún kọ́ni ní nǹkan mìíràn. Ní ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí ìwé òfin ní 1977 àti 1978, àríyànjiyàn lórí ilé ẹjọ́ Ṣàríà ti ìjọba àpapọ̀ fẹ́ tú wọn ká, àwọn aṣojú láti Àríwá sì jáde kúrò ní ìjókòó. Láti ìgbà náà títí di àríyànjiyàn lórí ìgbìmọ̀ Ṣàríà ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì láìpẹ́ yìí, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan: àwọn kan fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè parí ọ̀ràn ìgbéyàwó àti ogún ní ìlànà Ìsìláàmù, àwọn mìíràn sì ní ìlànà ẹbí àti kóòtù tó wà nílẹ̀ tó. Bákan náà ni nígbà tí wọ́n fẹ́ dí ọdún Ìṣẹ̀ṣe lọ́wọ́ ní Ìlọrin ní 2023, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka fi kọ lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹ́míà ìlú náà, àwọn Mùsùlùmí Yorùbá wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ̀sìn ń fa èrò sí ìhà kan ní irú ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò so gbogbo ènìyàn mọ́ okùn kan.

Ohun tí àwọn olóṣèlú máa ń ṣì mú fún agbára ẹ̀sìn lórí èrò ni agbára ìpéjọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn obìnrin Mùsùlùmí máa ń péjọ fún àsàlátù ní àdúgbò, ẹgbẹ́ NASFAT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 náà ń péjọ lọ́jọ́ Àìkú, ní wákàtí kan náà tí ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ẹni tó rí iṣẹ́, ibi tí ìyàwó ti ń ta ọjà, gómìnà tó ti ọ̀nà pa. Olùdíje tó bá wá síbẹ̀ rí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó dákẹ́ tó ń fetí sílẹ̀, ó sì rò pé ìbò ẹgbẹ̀rún ni òun rí. Ní òpin ọdún 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ Enoch Adeboye fún àdúrà ní àgọ́ ìjọ Redeemed tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àwòrán náà sì kárí ayé. Ní 2015, Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù tí àgọ́ náà wà nínú rẹ̀ dìbò fún Muhammadu Buhari, ẹni tó ń bá a díje, ní gbogbo ìpínlẹ̀ àyàfi Èkìtì. Àwọn tó ṣe àmín sí àdúrà náà kò sọ pé àwọn fún Jonathan ní ìbò.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí àwọn oníròyìn ti máa ń sọ pé ẹ̀sìn ló ń dìbò, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ onígbàgbọ́ ìjọ ajíhìnrere ló dìbò fún Donald Trump ní 2016, nígbà tí bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn Kìrìsìtẹ́nì aláwọ̀ dúdú ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì dìbò fún ẹni tó ń bá a díje. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìgbàgbọ́ kan náà nípa ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ àti àtúnbí. Ohun tó yà wọ́n ni ìtàn oko ẹrú àti ìwà tí ìjọba hù sí àwọn baba wọn.

Lẹ́tà yìí ń béèrè àwọn nǹkan tí àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú lè ṣe kí wọ́n tó yan olùdíje. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìjọba rẹ̀, ní gbólóhùn tó hàn, ohun tó máa ṣe nípa ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ, nípa híjáàbù àti nípa ìgbìmọ̀ Ṣàríà, kí àwọn olùdìbò lè jiyàn lé e lórí kó tó di ìjà àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ mú igbákejì olùdíje, kí wọ́n kéde iṣẹ́ tí wọn yóò fún un kí wọ́n tó kéde ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Òfin Ìdìbò sọ pé wọn kò gbọdọ̀ lo ilé ìjọsìn fún ìpolongo ìbò, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n pa á mọ́. Bí àwọn olórí ẹ̀sìn bá sì sọ pé báyìí ni àwọn ọmọ ìjọ tàbí ọmọ jámáà àwọn ṣe ń rò, kí ẹgbẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí èrò àwọn tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lọ bi àwọn yòókù.

Bíbi wọ́n yìí ni olórí ẹ̀bẹ̀ náà. Owó tí ẹgbẹ́ ńlá kan ń ná lórí fìlà, aṣọ ẹgbẹ́ àti àpò ìrẹsì tó láti fi rán ènìyàn káàkiri gbogbo wọ́ọ̀dù ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, kí wọ́n bi olùkọ́, onímọ́tò, alájàpá, àgbẹ̀ kòkó àti ọmọ ilé ìwé gíga nípa owó oṣù, ààbò oko, iná mànàmáná, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì tẹ èsì náà jáde kí ará ìlú lè kà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìwádìí èrò mọ̀ pé ètò ìbéèrè máa ń yí ìdáhùn padà: ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi léèrè ẹ̀sìn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn bí aṣojú ẹ̀sìn náà, kó má sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ bá ṣì fẹ́ mọ ẹ̀sìn àwọn tí wọ́n ń bi, kí wọ́n fi ìbéèrè náà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti sọ gbogbo ohun tó ń dùn ún tán.